Ìdí Tí A Ò Fi Ní Ta Píkọ́ọ̀pù Bàbá Rẹ

Odeda,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Abdulbaqi Àjàní, ọmọ mi,

Àsàlámù aláékúmù. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi Yéwándé, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ooru Èkó. Ọba tó jí yín lónìí yóò máa jí yín sí ire. Ẹ ò ní rí ogun ọkọ̀, ẹ ò ní rí ogun ọ̀gá níbi iṣẹ́, ohun tí ẹ bá dì mú kò ní jábọ́ lọ́wọ́ yín. Bí o kò bá tíì ṣe àmín, padà sókè kí o lọ ṣe é kí o tó máa kà á lọ, nítorí mo gbọ́ pé ní ọ́fíìsì yín ojú nìkan lẹ fi ń kàwé, ẹ kì í fi ẹnu kà á.

O lè máa sọ lọ́kàn rẹ pé kí ló dé tí màmá ò pe òun lórí fóònù. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí Wọ́sáàpù níjelòó, o ní ó ti gùn jù, kí n máa gé e kúrú. Mo rò ó títí, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń gé ohùn. Mo sì ti wòye pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ pẹ́, bátìrì á máa lọ sílẹ̀, èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ wúwo fún fóònù náà, ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ru ẹrù. Kì í rẹ ìwé ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Àwọn ará báǹkì kí mi kú ọjọ́ ìbí. Orí fóònù ni ìkíni náà gbà wọlé, wọ́n dá orúkọ mi, wọ́n ní àwọn mọ rírì mi. Ìwọ tí mo bí gbàgbé, ará báǹkì rántí. Mo bu epo pupa sínú ìgò, mo gbé e lọ fún wọn ní Abẹ́òkúta láti dúpẹ́. Ọmọbìnrin tó ń gbowó níbẹ̀ ní kí n kọ fóòmù, mo ní epo ni mo gbé wá, kì í ṣe owó. Ó ní ta ni mo gbé e wá fún, mo ní ẹni tó kọ̀wé sí mi ni. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn gan-an ni. Báǹkì gidi nìyẹn, má kó owó rẹ lọ sí ibòmíràn.

Nílé níbí, àlàáfíà la wà. Òjò ti dáwọ́ dúró, eruku ti gba ìlú, ẹyìn so dáadáa lọ́dún yìí. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìmáàmù ti san, ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí mọ́sálásí. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé.

O ní kí n ta píkọ́ọ̀pù. O ní o ti rí ẹni tó fẹ́ rà á, pé yóò wá gbé e ní Sátidé yìí, pé kí n jókòó sílé kí n máa sinmi, ìwọ á máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Mo dúpẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Sàlàhúdíìnì bàbá rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi ní ọkọ̀ náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í pé kí ló fẹ́ fi obìnrin tó ń wa píkọ́ọ̀pù ṣe. Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti ń fi í kó epo láti Odeda lọ sí ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, kò sì sí oníbàárà kan tó lè sọ pé òun dúró dè mí títí tí òun kò rí mi. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yẹn lọ, iṣẹ́ mi ni wọ́n gbé lọ, kì í ṣe irin àti táyà nìkan.

Mo mọ ohun tó fà á. Fọ́tò ni. Ẹni tó ya fọ́tò ọkọ̀ mi lórí òkìtì iyanrìn, tó fi ránṣẹ́ sí ọ, kò sọ fún ọ pé èmi ni mo yan iyanrìn náà. Epo inú irin ọkọ̀ ló jò wọ bíréèkì ẹ̀yìn. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ìlú, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò gbọ́, mo rí iyanrìn ẹni tó ń kọ́lé, mo sì darí sí i. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà ni ì bá lọ bá igi. Kẹ́ẹ̀gì kan ò fọ́. Mi ò ní parọ́ fún ọ ṣá, nígbà tí mo délé, mo sunkún díẹ̀. Àmọ́ ẹkún yẹn kì í ṣe ti pé kí n ta ọkọ̀.

Jẹ́ kí n là á yé ọ, nítorí ìwọ àti kọ̀ǹpútà lẹ jọ ń gbé, o lè má mọ abẹ́ ọkọ̀. Ìkòkò irin ńlá kan wà láàárín àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, dífáréńṣà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba agbára lọ́wọ́ ọ̀pá gígùn tó ti iwájú wá, tó ń pín in fún táyà ọ̀tún àti tòsì láìṣe ojúsàájú, bí ìyáálé tó mọ ẹran pín. Epo dúdú tó ki ló wà nínú rẹ̀. Ibikíbi tí ọ̀pá bá ti wọ inú rẹ̀ tàbí tó ti jáde, òrùka rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí epo jò, òun ni sílì. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn sílì yìí ni wọ́n fẹ́ sọ mí di aláìníṣẹ́.

Kí o má rò pé mi ò tọ́jú ọkọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ tinú tòde, mo fi epo pa ibi tí ilẹ̀kùn ti ń han, mo tẹ́ ẹní, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀ fúnra mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kékeré kan lórí irin ẹ̀yìn náà, ó dà bí ìdérí ìgò oògùn, ó ń yí gbirigbiri, kò le, ihò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Pẹ̀lú gbogbo eruku Odeda, wọ́n fi ihò sílẹ̀ gbayawu lórí epo. Mo ní àwọn òyìnbó tó ṣe é ti gbàgbé ni. Mo mú ọ̀rá, mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi bò ó, mo wá fi rọ́bà tíúbù wé e pinpin, bí àwa alépo ṣe ń fi ọ̀rá sẹ́nu kẹ́ẹ̀gì kí epo má baà dànù lọ́nà. Láti kékeré lọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ní bí bàbá rẹ bá ń wò mí, yóò mọ̀ pé mi ò fi ọkọ̀ òun ṣeré.

Kò pẹ́ sí i ni sílì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mo ní ọkọ̀ yìí mà ya aláìmoore o.

Mo gbé e lọ bá Ọláṣẹ̀hìndé, mẹkáníìkì wa ní Ọbáńtokò. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, kì í mu ọtí, kì í purọ́ pé irin ti bàjẹ́ nígbà tí kò bàjẹ́. Ó fa epo dúdú sílẹ̀, ó yọ ọ̀pá, ó yọ sílì àtijọ́. Kò fi òòlù gbá tuntun wọlé gbà-á gbà-á bí àwọn kan ti ń ṣe o, ó fi pákó kékeré lé e, ó ń rọra kàn án yí ká, ó sì ti fi epo pa ẹnu rẹ̀ kó má baà gbẹ ya. Ó fi ìka wo ara ọ̀pá, ó ní sílì àtijọ́ ti jẹ ojú ibẹ̀ díẹ̀, ó bá ti tuntun wọlé sí i kó lè bọ́ sí ojú tó ń dán. Mo dúró tì í, nítorí ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni. Iṣẹ́ náà wù mí. Mo wa ọkọ̀ délé, epo tún ti wà nílẹ̀.

Mo ní ayédèrú ni sílì náà. Mo lọ bá ẹni tó tà á ní Abẹ́òkúta, mo bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ọjọ́ ìdájọ́, ó fún mi ní òmíràn, ó ní èyí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ọláṣẹ̀hìndé fi í sí i, ó tún jò. Ojú tì í, ó ní àwọn oníbàárà ti ń wo òun bí ẹni tí kò mọṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀, ó gbàdúrà ní orúkọ Jésù, mo ṣe àmín, èmi náà ka Fátíhà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ gbọ́ ti ọ̀tún, ó gbọ́ ti òsì, ó tún jò. Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ iyanrìn ṣẹlẹ̀, tí ìwọ sì wá oníbàárà.

Wá gbọ́ bí ìyá rẹ ṣe rí i. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo rọ epo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì, mo dí wọn lẹ́nu, mo kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀, mo sì rọra wà á lọ sí Ọbáńtokò bí ẹni tó ru ẹyin. Bí Ọláṣẹ̀hìndé ṣe wà lábẹ́ ọkọ̀, oòrùn ń pa àwọn kẹ́ẹ̀gì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú, epo sì ti ń yọ létí ìdérí ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí gbogbo alépo máa ń ṣe ni mo ṣe, mo tú ìdérí náà díẹ̀ kó lè mí. Ó ṣe fúùù, epo tó ń yọ sì dáwọ́ dúró. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo kẹ́ẹ̀gì, mo ń wo ọkọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bi Ọláṣẹ̀hìndé pé bí ọkọ̀ bá ń sáré, ṣé epo inú ìkòkò irin yẹn kì í gbóná. Ó ní ó ń gbóná dáadáa. Mo ní bó bá gbóná, níbo ló ti ń mí. Ó ní ihò kan wà fún un lókè. Mo gbọ́ tó ń fọwọ́ wá a kiri, eruku àti epo ti dì bo ibẹ̀ débi pé ó ti dà bí ara irin. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bi mí pé Màmá, ta ló so nǹkan mọ́ ibí yìí. Mo ní ẹnikẹ́ni tó so ó, ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan so. Ó fi ọ̀bẹ gé e, ó sì ṣe fúùù gẹ́lẹ́ bíi ti kẹ́ẹ̀gì.

Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ fún àgbàlagbà. Mo bá a sọ ọ́ jáde, mo ní àṣìṣe rẹ̀ ni pé ibi tó ti ń jò ló tẹjú mọ́, kò wo ibi tó ti ń mí, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mo ní kó má banú jẹ́, gbogbo wa là ń kọ́ iṣẹ́. Kí ìwọ náà má rò pé mo jẹ̀bi o. Ìfẹ́ ni mo fi dí ihò náà, èmi náà ni mo sì ṣàwárí rẹ̀. Ẹni tó gbé nǹkan pamọ́, tó tún bá wọn wá a rí, ṣé olè lẹ máa pè é?

Àmọ́ mo délé, mo ronú, ọ̀rọ̀ rẹ sì wá sí mi lọ́kàn. Ìwọ náà, ìfẹ́ lo fi ní kí n jókòó. Mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n Àjàní, ara mi ṣì ń gbóná fún iṣẹ́. Bí o bá dé mi mọ́ ojú kan, ṣé o mọ ibi tí yóò gbà yọ? Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Kọ́bapẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó máa sinmi, wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún un. Ìgbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, òun àti obìnrin tó ń ka ìròyìn ni wọ́n jọ ń jiyàn, obìnrin yẹn kò sì dá a lóhùn. Irú ìyẹn ń bà mí lẹ́rù ju òkìtì iyanrìn lọ.

Ọláṣẹ̀hìndé fi sílì tuntun sí gbogbo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti iwájú ló le jù, nọ́ọ̀tì ńlá ló dè é, ó sì fi ẹnu ìṣó ha àmì sí i kó tó tú u, ó ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ padà sí, pé bó bá le jù tàbí tó dẹ̀ jù, irin inú á máa ké. Ó wẹ ihò tó fi ń mí, ó fi ìdérí rẹ̀ síbẹ̀ kó máa yí bó ṣe wù ú, ó ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí èémí lè jáde kí eruku má wọlé. Ó fi bíréèkì tuntun sẹ́yìn, torí èyí tó ti mu epo kò ṣeé lò mọ́. Mo wà á lọ sí Odeda, mo wà á lọ sí Kútọ̀, mo fi aṣọ funfun nu abẹ́ rẹ̀. Aṣọ náà ṣì mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo tẹ ìròyìn ayọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Èsì tí o fún mi ni àwòrán àtàǹpàkò kan, o wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó dáa, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà á ṣì ń bọ̀. Àtàǹpàkò! Ẹni tí kò mọ̀wé ló ń tẹ àtàǹpàkò, ìwọ tí mo rán lọ sí yunifásítì. Mo ti fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí kí n tó dá bírò dúró lánàá. Lónìí tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, Ìkẹjà ni mo ti ń kọ èyí tó kù, lẹ́nu géètì ọ́fíìsì yín, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo gbé ìwé lé. Má ṣe pariwo. Mo wà á wá ni. Mo gba Wásinmi, mo dúró níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó gbẹ. Mo dúró ní Ìfọ̀, ó gbẹ. Ọláṣẹ̀hìndé ti bá mi ṣí obìnrin kan nínú fóònù tó mọ gbogbo ọ̀nà Èkó. Obìnrin náà ní sùúrù. Ó ní kí n yà sọ́tùn-ún, mo ní ẹ ṣé. Mo ṣì í, kò bú mi, ó tún wá ọ̀nà mìíràn. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, kò dáhùn, iṣẹ́ ti gbà á lọ́kàn.

Àwọn sẹkúríìtì yín ní ṣé mo ní àpọ́íńtímẹ́ǹtì pẹ̀lú rẹ. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ ni. Wọ́n ní o wà nípàdé, fóònù rẹ ò sì wọlé. Wọ́n fún mi ní fóòmù pé kí n kọ ìdí tí mo fi wá, àyè ibẹ̀ kéré, mo kọ ọ́ yí etí ìwé ká títí tó fi dé ẹ̀yìn. Àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ohun kan, pé o ti sọ ọ̀rọ̀ sílì mi fún wọn ṣáájú. Wọ́n ní dígí kan tí wọ́n so mọ́ igi, tí wọ́n ń tì sábẹ́ ọkọ̀, bí mo ṣe dé báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ dífáréńṣà mi wò. Mo ní ṣé ẹ rí nǹkan? Wọ́n ní Màmá, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un wò dáadáa, pé Odeda la ti ń bọ̀. Wọ́n tún un wò, wọ́n ní kò sí. Mo fún wọn ní epo ìgò kọ̀ọ̀kan.

Kẹ́ẹ̀gì epo kan wà fún Yéwándé, láfún sì wà nínú àpò. Jọ̀wọ́ mú owó bẹntiróò tí n ó fi padà sílé dání kí o tó sọ̀ kalẹ̀, torí ọ̀nà náà jìn ju bí obìnrin inú fóònù ti wí. Fi owó bíréèkì tuntun kún un, kí o sì fún mi ní díẹ̀ tí n ó fi ra ẹyìn. Èyí tí o fẹ́ máa fi ránṣẹ́ kí n lè jókòó, kó o jọ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, n ó fi ra táyà.

Ọlọ́run á gbé ọ ga níbi iṣẹ́ rẹ. Kò ní jẹ́ kí o kù sí ojú ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí o sin ọmọ. Yóò jẹ́ kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí àwọn ọmọ tìrẹ náà sì jẹ́ kí o máa ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ bá ṣì lè ṣe. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìlífátù alépo.

Tètè máa bọ̀. Wọ́n ní mo dí ọ̀nà, pé ọkọ̀ ọ̀gá yín wà lẹ́yìn mi, kí n sún síwájú. Mo ti sọ fún wọn pé píkọ́ọ̀pù mi kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí ọmọ mi bá wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá náà ti sọ̀ kalẹ̀, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Ìwọ nìkan ló kù.